Ọdẹ Tí Kì Í Yìnbọn: Bí A Ṣe Ń Lọ Wo Ẹran nínú Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Mo ti bá àwọn èèyàn kan wọ igbó Ọ̀yọ́-Ilé rí tí wọ́n fi ọjọ́ méjì gbáko wá àgbọ̀nrín kiri. Nígbà tí wọ́n rí ẹyọ kan níkẹyìn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n sunkún. Wọ́n ya fọ́tò ìrù rẹ̀ bó ṣe ń wọ inú koríko lọ, wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ kẹta tí mọ́tò wa já sí títì, a bá ọmọkùnrin kan tó so ẹran gbígbẹ rọ̀ sórí igi. Àgbọ̀nrín ni. Àwọn èèyàn mi kan náà ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Wọ́n ná an, wọ́n rà á, wọ́n tún ní kó bá àwọn wá itan mìíràn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrìnàjò yìí láti ẹ̀yìn wá. Kí ẹ tó wá bàtà, kí ẹ tó wá fìlà, ẹ kọ́kọ́ bá ara yín àti ẹni tí yóò wa mọ́tò ṣe àdéhùn pé ẹ ò ní ra ẹran ìgbẹ́, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó jókòó sílé kó máa wo ẹran nínú tẹlifíṣọ̀n. Owó tí a fi ra itan kan ni wọ́n á fi ra ọta tí wọ́n á fi pa òmíràn.

Ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ

Igbó tí mò ń wí yìí ni ìjọba ń pè ní Old Oyo National Park. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, odò Ògùn sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ pààlà sí apá òkè odò Ògùn gẹ́gẹ́ bí igbó ọba. Ti Ọ̀yọ́-Ilé tẹ̀lé e ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ méjèèjì di igbó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹran, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ láàárín 1830 sí 1840 kí Àtìbà tó fìdí Ọ̀yọ́ tuntun kalẹ̀ ní Àgọ́-Ọjà, níbi tí a wà dòní. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá ń lọ síbẹ̀, ilé baba rẹ̀ ló ń lọ. Ẹran ló kàn gba ilé náà lọ́wọ́ wa.

Ẹ má lọ nítorí kìnnìún. Àgbọ̀nrín, òtòlò, ẹtu, ìmàdò, ìnàkí, ìjímèrè, ẹfọ̀n, ọ̀nì létí odò, àti ẹyẹ lóríṣiríṣi ni ẹ lè máa retí. Ẹ má sì fi ohun tí ẹ ń wò nípa Kẹ́ńyà nínú tẹlifíṣọ̀n wọn tiwa. Tiwọn tẹ́jú, èèyàn á jókòó sínú mọ́tò, á rí ẹran lókèèrè bí ẹni wo pápá bọ́ọ̀lù. Tiwa, igi ẹmi, igi ayin àti igi igbá ló kún ibẹ̀, koríko á sì ga ju èèyàn lọ. Ẹran lè wà ní ogún mítà sí yín kí ẹ má rí i. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé kò ní bá àwọn ẹ̀ṣọ́ jà pé wọ́n fi owó òun ṣòfò.

Ẹ bèèrè kí ẹ tó gbéra

Olú iléeṣẹ́ ọgbà náà wà ní Ìsọ̀kùn, nílùú Ọ̀yọ́, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín débẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ bèèrè ẹnu ọ̀nà tó ṣí àti bí títì ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ bèèrè iye owó ìwọlé àti ti ẹ̀ṣọ́ tó máa tẹ̀ lé yín. Ẹ bèèrè bóyá ibi tí èèyàn lè sùn wà ní ipò tó dára, àti bóyá mọ́tò kékeré lè dé ibẹ̀ àbí onítáyà gíga nìkan. Gbogbo owó tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì.

Ìbéèrè tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti ààbò. Igbó tó fẹ̀ báyìí, tó ní ọ̀pọ̀ abúlé létí rẹ̀, àwọn ajínigbé àti apẹran-láìgbàṣẹ lè fara pamọ́ síbẹ̀. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ má wá lóṣù yìí, ẹ má wá. Ẹ má sọ pé ẹ mọ ẹnì kan ní Àbújá. Ẹ má sì gba ti ọlọ́kadà tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, àwọn tó ń gbà á kì í fẹ́ kí èèyàn rí wọn.

Oṣù wo?

Fẹ́búárì àti Máàṣì. Ní àkókò yẹn koríko ti jóná tàbí ti gbẹ wó lulẹ̀, àwọn odò kéékèèké ti gbẹ, ẹran ò sì ní ibòmíràn láti mu omi ju inú kòtò tó kù lójú odò ńlá lọ. Dìsẹ́ńbà àti Jánúárì náà ṣeé lọ, àmọ́ ọyẹ́ á bo ojú ọ̀run, fọ́tò yín á dà bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún. Láti May sí Ọ̀kútóbà, ẹrẹ̀ á gbé mọ́tò mì.

Ẹ kọ́ ojú yín nílé kí ẹ tó lọ

Ojú tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀gà sí ológoṣẹ́ nílé, kò ní rí nǹkan kan nínú igbó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, ẹ lo òwúrọ̀ Sátidé mẹ́rin. Ẹ jáde ní aago mẹ́fà sí ibi tí igi àti omi bá wà, ẹ máa kọ orúkọ ẹyẹ tí ẹ bá rí: lékèélékèé, àdàbà, àwòdì, ẹ̀gà, àparò. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìdánrawò yín wúlò fún gbogbo ayé, ẹ gba áàpù BirdLasser sórí fóònù. Òun ni àwọn tó ń ṣe àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà hàn ń lò. Iléèwé ìwádìí ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, APLORI, wà lára wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ fi wákàtí méjì, ó kéré tán, rìn nínú ọ̀kan, kí ẹ kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ bá rí tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọjú tẹ̀ lé ara wọn. Kò gba owó kankan yàtọ̀ sí dátà.

Ẹ fi òwúrọ̀ kan nínú mẹ́rin náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ẹ ka igún. Mo mọ̀ pé ó jọ ẹ̀fẹ̀. Ní kékeré mi, igún kì í wọ́n lórí òrùlé ibi ìpẹran. Ẹ ní kí àwọn àgbà yín sọ bó ṣe rí fún yín. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ka igún kékeré tí a mọ̀ níbí yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa run. Májèlé pa wọ́n, àwọn tó ń ta orí àti ìyẹ́ wọn fún oògùn náà pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ló ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ta ló wá ń rà á? Àwa náà ni. Bí ẹ bá ti ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ní gbogbo òwúrọ̀, ìrìnàjò Ọ̀yọ́-Ilé á yé yín ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Ẹrù

Aṣọ àwọ̀ erùpẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ, ọlọ́wọ́ gígùn, pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn tí ẹ lè ki bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi funfun àti pupa sílé. Ẹ fi búlúù àti dúdú náà sílé, nítorí eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, ìtani rẹ̀ sì máa ń dunni wọra. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ tí ẹ ti wọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Bàtà tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀.

Omi lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Mo fi ojú ara mi rí ọkùnrin alágbára kan tó gbé ike omi kékeré kan ṣoṣo, tó ní òun kì í mu omi púpọ̀. Ní aago kan ọ̀sán, omi tèmi ló ń mu. Ẹ mú àpò iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún aláìsàn ìgbẹ́ gbuuru, àwọ̀n ẹ̀fọn, òróró tí ń lé ẹ̀fọn, iná tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Fèrè ṣe pàtàkì: ohùn yín á há kí fèrè tó rẹ̀. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn ni ohun tó yẹ kí ẹ náwó lé jù. Ẹni méjì lè dáwó ra ọ̀kan. Fóònù nìkan kò tó, ẹran tó bá jìnnà á kàn dà bí kókó ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ti fa àwòrán ọ̀nà sílẹ̀ láti ilé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ.

Oúnjẹ: ẹ̀pà, róbó, gààrí, ọsàn. Ohun tí kò ní òórùn tó le ni mo fẹ́, kì í ṣe ìrẹsì tí wọ́n fi dòdò àti ẹran díndín sí lórí tí ìnàkí á gbọ́ òórùn rẹ̀ láti Ṣakí.

Ọ̀nà

Láti Ọ̀yọ́, ẹ gba Ìsẹ́yìn, Òtu, Àgọ́-Àmọ́dù, kí ẹ já sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Apá ibẹ̀ ni Margúbà, ibùdó kan nínú ọgbà náà, wà. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba Ìkòyí lọ sí Ìgbẹ́tì bó bá jẹ́ ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an ni ẹ fẹ́ rí. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà. Ẹni tó bá gba Ìgbòho, kó yà níbi ojúbọ àwọn Aláàfin mẹ́rin tí wọ́n sin síbẹ̀. Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ tí wọ́n sọ pé obìnrin ni wà lára wọn. Èyí kò bá ọ̀rọ̀ ẹran tan, mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Nínú igbó

Ẹ gbà kí ẹ̀ṣọ́ ṣíwájú. Ẹ kí i dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú igbó." Bó bá dàgbà jù yín lọ, ẹ pè é ní Bàbá tàbí Bọ̀dá, kì í ṣe "ṣẹ́kúríítì". Ẹni tí ẹ bá bọ̀wọ̀ fún nìkan ló máa fi ibi tí òtòlò ń sùn hàn yín. Èyí tí mo mọ ohun tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdẹ ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdẹ ni baba rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wọ̀nyí, ọgbọ́n ọdẹ ni. Ìbọn nìkan ni a yọ kúrò.

Ẹ jáde kí oòrùn tó yọ. Láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àti láti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, ni ẹran ń rìn. Láàárín méjèèjì, ẹ sùn.

Ẹ wo afẹ́fẹ́. Ẹ bu erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ jẹ́ kó máa dà díẹ̀díẹ̀ láti àárín ìka. Ibi tó bá fẹ́ sí ni òórùn yín ń lọ. Bó bá fẹ́ sí iwájú, ẹ yí ká. Ìyẹn ló fà á tí lọ́fínńdà kò fi gbọdọ̀ bá yín dé igbó.

Ẹ má ju ẹni mẹ́fà lọ. A ti lọ ní ẹni mẹ́rìnlá rí, mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yẹn, torí èmi ni mo kó wọn jọ. Ẹnì kan ń sín, ẹnì kan ń tẹ fóònù rẹ̀, ẹnì kan ń bèèrè ìgbà tí a máa jẹun. Eruku la rí.

Ohun tó ṣòro jù fún wa ni ìjókòó. Gbogbo wa fẹ́ rìn, a rò pé bí a bá ṣe rìn tó la ó ṣe rí ẹran tó. Ọdẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ wá ibi tí ipa ẹsẹ̀ pọ̀ sí létí omi, ẹ jókòó ní ọgbọ̀n mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, kí igi tàbí àpáta wà lẹ́yìn yín, kí ẹ dákẹ́ fún wákàtí kan. Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò ní sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ á gbàgbé yín. Lẹ́yìn ẹyẹ ni ẹran.

Ẹ kọ́ láti ka ilẹ̀. Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tẹ́ẹ́rẹ́, ó pín sí méjì, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ti ìmàdò ṣù díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì rí róbótó. Ti ẹfọ̀n jọ ti màlúù gan-an, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ bá yín yà á sọ́tọ̀, nítorí màlúù tí wọ́n ń da wọ inú ọgbà náà jẹ́ ìṣòro tòótọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń gbó bí ajá nínú igbó ṣíṣú, ó lè má jẹ́ ajá: àgbọ̀nrín tó ti rí yín ni. Ìmàdò tó ń fi orúnkún jẹko, tó sì ń na ìrù sókè bí eríà rédíò nígbà tó bá ń sá, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Bí ẹ bá rí ìjímèrè kan tó dá jókòó sórí ṣóńṣó igi, akọ ni, ó ń ṣọ́ àwọn yòókù tó wà nílẹ̀. Òun ni ọ̀bọ tó lè sáré jù láyé.

Ẹ má fún ìnàkí ní nǹkan jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ẹ bá jù lónìí, ọ̀la á já àpò gbà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé yín, ọ̀túnla wọ́n á ní kí wọ́n yìnbọn pa á nítorí ó ti ya olè. Akọ ẹfọ̀n tó dá wà, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀yìn rìn jẹ́jẹ́, ẹ má sáré. Ẹ má wẹ̀ nínú odò, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pọn omi níbi tí kò mọ́ kedere, nítorí ọ̀nì.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ: ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kọjá. Ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀ kí ara tó wú, ẹ fi igi méjì di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ sì wá ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò. Ibi tí oògùn náà wà tó súnmọ́ yín jù, ẹ ti bèèrè rẹ̀ ní Ìsọ̀kùn kí ẹ tó gbéra.

Ní ahoro

Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́-Ilé, ẹ ó rí odi ìlú tó ti wó, igi oṣè ńláńlá, àpáta tí wọ́n ti ń lọ nǹkan títí tó fi jin, àti ihò Àgbàkú. Àpáàdì wà káàkiri. Ẹ má mú ẹyọ kan. Láti 1995 ni ibẹ̀ ti wà nínú àkójọ ibi tí Nàìjíríà ń retí pé kí UNESCO tẹ́wọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, àwọn tó ń wú ilẹ̀ sì ń ka ìtàn láti ibi tí àpáàdì kọ̀ọ̀kan wà gan-an. Èyí tó bá ti wọ báàgì yín ti di èéfọ́ ìkòkò lásán.

Bí ẹ bá rí tàkúté, okùn wáyà, tàbí èèpo ọta ìbọn

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó dẹ ẹ́ lè wà nítòsí, òmíràn sì lè wà níwájú tí ẹ ò rí. Ẹ fi jẹ́jẹ́ pe ẹ̀ṣọ́, ẹ ya fọ́tò, ẹ jẹ́ kí fóònù yín fi ibẹ̀ pamọ́. Ẹ má pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pàdé. Òfin ti sọ ọ̀rọ̀ náà: ìpẹran nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, akika kò sì ṣeé tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lé e lórí ní 2016. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe tiyín. Iná náà bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè jẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ló ń fi iná kékeré dènà iná ńlá. Tiyín ni kí ẹ má dá iná rárá, kí ẹ má sì ju ìdí sìgá sílẹ̀.

Owó ẹni tó bá yín rìn, ẹ má fi ṣeré. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà tó jẹ nínú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Ọdẹ tó wá fi ẹran tó lè pa hàn yín, tó sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ, ó yẹ kí ó mú nǹkan délé.

Lẹ́yìn ìrìnàjò

Ẹ fi fọ́tò yín sórí iNaturalist, áàpù tí àwọn èèyàn ti ń kọ ẹran àti ewéko tí wọ́n rí sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i. Áàpù náà fúnra rẹ̀ máa ń fi ojú ibi tí ẹran tó wà nínú ewu wà pamọ́. Facebook kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ẹ kọ "Ọ̀yọ́-Ilé", kó tán síbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ odò.

Ní àbọ̀, ẹ rán dẹ́rẹ́bà létí àdéhùn kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ń so ẹran rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ra nǹkan, tí kò sí bí ọmọ Yorùbá ṣe lè ti ìrìnàjò dé lọ́wọ́ òfo, òrí ni kí ẹ rà, àti irú, àti oyin, àti wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ẹ ra òrí tó pọ̀. Igi ẹmi tó bá ń mówó wọlé fún ìyá kan, kò ní jẹ́ kí wọ́n gé e dáná èédú. Ẹ mú abọ́ tó ní ìdérí dání láti ilé, nítorí inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń dì í sí, òrí á sì ti yọ́ sára aṣọ yín kí ẹ tó dé Ìsẹ́yìn.